Ajé, Àjẹ́ àti Ìwé Orúkọ: Bí Ìjọba Ṣe Ṣọ́ Àwọn Alágbára Ọjà Makola

Ìfáárà

Nínú àwọn ìwé ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ṣọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ní agbára àrà. Department of Extranormal Operations ni orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé DC ni ó kọ́kọ́ mú un jáde nínú ìtàn Batman ní ọdún 1998, ó sì di ọ̀kan pàtàkì nínú ìtàn mìíràn tí ń jẹ́ Chase ní ọdún yẹn kan náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní agbára tí ó kọjá ti ọmọ ènìyàn lásán, ilé iṣẹ́ náà yóò wádìí rẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi fáìlì rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí yóò wúlò. Ilé iṣẹ́ Marvel, tí í ṣe orogún DC, ṣe irú rẹ̀ nínú ìtàn Civil War ti ọdún 2006 sí 2007, níbi tí òfin kan ti pàṣẹ pé kí gbogbo alágbára wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ogun láàrin àwọn alágbára fúnra wọn.

Àròsọ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ń kọ orúkọ àwọn tí ó ń bẹ̀rù kì í ṣe àròsọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní ìlú Accra, ní ọjà Makola, ìjọba kan tẹ̀lé òmíràn ní ìwọ̀n ọdún mẹ́wàá péré, láti 1969 sí 1979, tí gbogbo wọn gbà pé àwọn kan wà nínú ọjà tí agbára wọn pọ̀ ju ti òfin lọ. Wọ́n fi ìwé ìgbélùú wá wọn, wọ́n fi àwọn olùṣàyẹ̀wò iye ọjà wá wọn, níkẹyìn wọ́n fi katakata àti ohun abúgbàù wá wọn. Àwọn tí a wá yìí kò lè fò, ojú wọn kì í sì í ta iná. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n, obìnrin Gã ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yorùbá náà sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé agbára tí ìjọba ń wá kiri lára ènìyàn kọ̀ọ̀kan kò sí lára ẹnì kankan. Inú àjọṣe àwọn ènìyàn ni ó wà, ìdí nìyẹn tí ìwé orúkọ kò fi rí i mú, tí ìyà sì fi jẹ àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé lásán.

Agbára tí kò sí nínú ara

Ọdún 1924 ni ìjọba amúnisìn kọ́ ọjà Makola àkọ́kọ́, èyí tí a wá ń pè ní Makola Number One. Àwọn obìnrin Gã tí wọ́n ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran ni wọ́n pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin a máa kọ́ òwò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀, a sì máa jogún ìsọ̀ àti oníbàárà. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, tí àwọn Akan ń pè ní ọhemma, bí ìyálọ́jà ti rí láàrin Yorùbá. Olórí yìí ni ó ń parí ìjà, òun ni ó ń bá àwọn awakọ̀ àti àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà ni ó sì ń ṣe onídùúró fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọjà láwìn.

Bí a bá béèrè pé kí ni agbára irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ó mọ ẹni tí kò ní jẹ gbèsè mọ́ ọn lọ́rùn. Ó mọ abúlé tí tòmátì ti pọ̀ ní oṣù wo. Ó lè gba aṣọ láìsan kọ́bọ̀ lónìí, kí ó san owó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, nítorí pé ẹni tí ó ta á fún un mọ ìyá rẹ̀. Ó ń dá susu pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ti so mọ́ èésú ti Yorùbá. Gbogbo èyí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá ní. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a bá yọ obìnrin yìí kúrò láàrin àwọn tí wọ́n fọkàn tán an, tí a gbé e sí ìlú àjèjì, kò ní agbára kankan mọ́.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó sún mọ́ ara wọn létí, tí ó sì wúlò fún ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni ajé, èyí tí í ṣe èrè òwò, tí í sì í ṣe òrìṣà ọjà. Èkejì ni àjẹ́. Ìyàtọ̀ méjì ni ó wà láàrin wọn: ohùn àárín ni ó wà lórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú ajé, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni nínú àjẹ́, bákan náà, fáwẹ̀lì e ni ó parí ti àkọ́kọ́, ẹ ni ó sì parí ti èkejì. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò lè ṣì wọ́n pè. Síbẹ̀, nínú ìtàn, àwọn ènìyàn ti fi ojú ọ̀kan wo èkejì lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ajé bá ṣí ilẹ̀kùn fún, tí ẹlòmíràn kò sì mọ ọ̀nà tí ó gbà, kò pẹ́ tí wọn yóò fi fún un ní orúkọ kejì.

Àwọn atọ́ka àjẹ́ àti òfin òyìnbó

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gold Coast ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn alágbára kí ọjà Makola tó dé. Òfin kan tí ó jáde ní ọdún 1892 fún gómìnà ní àṣẹ láti fòfin de òrìṣà tí ó bá kà sí ewu fún ìlú. Ní 1908, ìjọba tẹ ẹgbẹ́ Aberewa, tí ń wá àjẹ́ kiri ní ilẹ̀ Asante, rì. Ní ọdún 1930, àṣẹ mìíràn jáde tí ó ka fífi àjẹ́ hàn sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ohun tí ìjọba sọ nígbà náà ni pé kò sí ohun tí ń jẹ́ àjẹ́, àti pé ẹni tí ń tọ́ka ènìyàn ni ó ń da ìlú rú.

Òfin yìí kò pa ìgbàgbọ́ náà. Láti Gold Coast ni ẹgbẹ́ Atinga ti gba ilẹ̀ Dahomey wọ ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1950 sí 1951. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ń jó fún un, àwọn ni wọ́n ń tọ́ka àjẹ́. Àwọn obìnrin, àgbà pàápàá, ni wọ́n sì ń tọ́ka sí jù. Ẹni tí wọ́n bá mú ní láti jẹ́wọ́, kí ó sì san owó kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ojúbọ òrìṣà tí wọ́n bà jẹ́ kò lóǹkà. Peter Morton-Williams kọ nípa rẹ̀ ní 1956. Nígbà tí Andrew Apter sì padà sí ọ̀rọ̀ náà ní 1993, ó tọ́ka sí i pé àkókò tí owó kòkó ń pọ̀ sí i ni Atinga dé, àti pé ipò àwọn obìnrin nínú ọjà wà lára ohun tí ń bí àwọn ènìyàn nínú. Ìjọba fòfin de Atinga ní 1951.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba amúnisìn dúró, ó kéré tán nínú ìwé òfin, ní ìhà ẹni tí a tọ́ka sí. Kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí tí ìjọba ilẹ̀ òmìnira fi di atọ́ka fúnra rẹ̀.

Ìwé ìgbélùú

Orúkọ àwọn Yorùbá ti wà ní Accra tipẹ́. Àdúgbò kan wà ní James Town tí ń jẹ́ Alata. Àwọn onímọ̀ ìtàn so orúkọ náà mọ́ Allada ní ilẹ̀ Benin òde òní, nígbà tí àwọn ará ìlú mìíràn ń gbọ́ aláta nínú rẹ̀. Ọ̀nà yòówù tí ó gbà dé, Alata ni àwọn Akan ń pe àwọn tí ó ti ìhà Nàìjíríà wá, ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà fún wọn sì ń jẹ́ alata samina títí di òní. Ìkànìyàn ọdún 1960 ka iye Yorùbá tí ó wà ní Gánà sí nǹkan bí 100,000. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìnísà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí àwọn òbí wọn ti wá. Wọ́n tan ká àwọn ọjà Accra, Kumasi àti Tamale, wọ́n sì dé àwọn ìlú kéékèèké tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. J. S. Eades, tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn, fi hàn pé òwò wọn dúró lórí àwọn ará ìlú kan náà tí ń ya ara wọn lówó, tí ń kọ́ ọmọ ara wọn lówò, tí wọ́n sì ń fi ọ̀nà ọjà han ara wọn.

Àṣeyọrí yìí di ìbéèrè lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Báwo ni àjèjì tí ó dé pẹ̀lú igbá lórí ṣe di onísọ̀? Òfin kan nípa àwọn àjèjì ti wà láti 1963, nígbà ìjọba Nkrumah. Ní 1968, ìjọba ológun fi àṣẹ kan pààlà sí òwò tí àjèjì lè ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Kofi Busia gbé àṣẹ tí a mọ̀ sí Aliens Compliance Order jáde ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969: àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Òfin ọdún 1970 tẹ̀ lé e, ó sì fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó fún ẹni tí wọ́n bí sí Gánà, tí kò mọ̀ pé òun nílò ìwé kankan. Àwọn ènìyàn ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n ti ilé tí wọ́n fi owó wọn kọ́, wọ́n sì kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Èyí tí ó dùn wọ́n jù ni gbèsè. Owó tí wọ́n fi ṣe àwìn fún àwọn oníbàárà káàkiri abúlé kò ṣeé gbà láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ibí ni a ti lè rí irú agbára tí wọ́n ní: owó wọn kò sí nínú àpótí tí a lè gbé lọ, ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ó wà. Nígbà tí wọ́n lọ, ìsọ̀ kù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé ìsọ̀ bá wọn lọ. Ní ibi púpọ̀, ọjà wọ́n, àwọn oko kòkó náà sì pàdánù àwọn òṣìṣẹ́.

Láti iye owó dé ohun abúgbàù

Àjèjì ti lọ, ọjà kò sì dínwó. Ó di dandan kí a wá ẹlòmíràn. Ọ̀gágun Acheampong gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972, ìjọba rẹ̀ sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa pinnu iye tí a lè ta ọjà. Àwọn olùṣàyẹ̀wò, ọlọ́pàá àti sójà ń wọ inú ọjà láti wá ẹni tí ó tà kọjá iye náà. Ọ̀rọ̀ kan jáde fún ìwà àwọn tí a ń wá: kalabule. Àwọn kan gbà pé láti inú èdè Hausa ni ó ti wá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù orírun rẹ̀ lọ ni pé ó fún ìbínú ìlú ní orúkọ, orúkọ náà sì rọrùn láti lẹ̀ mọ́ ẹni tí a lè rí lójú. Ìyá tí ó jókòó ti ọjà rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rí.

Ohun tí wọn kò rí wà ní ilé ìjọba. Ìjọba ń tẹ owó, ó sì di iye cedi mú níbi tí kò tọ́ sí i ní pàṣípààrọ̀. Ọ̀wọ́n ọjà gòkè kọjá 100 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1977. Ẹni tí yóò kó ọjà wọ ìlú gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, àwọn tí wọ́n sún mọ́ àwọn ọ̀gá ológun ni wọ́n sì ń rí ìwé náà gbà. Wọ́n a tà á fún olówò, olówò a tà á fún alágbàtà, nígbà tí ọjà bá fi dé Makola, iye tí òfin pè kò lè san owó tí obìnrin náà fi rà á. Lóòótọ́, àwọn kan wà nínú ọjà tí wọ́n kó ẹrù pamọ́ de ọjọ́ ọ̀wọ́n, àwọn olówò aṣọ ńláńlá kan sì di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí Claire Robertson láàrin àwọn obìnrin oníṣòwò Accra fi hàn pé èrè táṣẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn fi ń bọ́ ọmọ.

Nínú ìtàn aláwòrán tí a fi bẹ̀rẹ̀, Mister Bones, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí ń ṣọ́ àwọn alágbára, jẹ́ alágbára fúnra rẹ̀. Cameron Chase, aṣojú ilé iṣẹ́ náà, ní agbára tí ó ń fi pamọ́. Òǹkàwé a rẹ́rìn-ín sí i. Ní Gánà, kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín: ọwọ́ tí ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ni ọwọ́ tí ń rán ọlọ́pàá wọ ọjà.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1979, àwọn sójà kéékèèké gba ìjọba, Jerry Rawlings sì di olórí wọn. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀gágun mẹ́jọ, Acheampong nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí ọjà. Wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn obìnrin, wọ́n tà á ní iye tí ìjọba pè, wọ́n sì na àwọn obìnrin ní gbangba, nígbà mìíràn ní ìhòòhò. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ, wọ́n fi ohun abúgbàù àti katakata wó Makola Number One palẹ̀. Ibi tí àwọn ìsọ̀ wà fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta di ibùdókọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rawlings Park.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tí ó ké lánàá ni ó pa ọmọ jẹ? Gbogbo ìtàn yìí ni òwe náà kó. Ẹni tí ó gbọ́ igbe ní alẹ́, tí ó sì rí òkú ní òwúrọ̀, kò wádìí àìsàn mọ́. Àwọn sójà rí ọ̀wọ́n, wọ́n rí obìnrin, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Orúkọ tí ìjọba 1930 kọ̀ láti jẹ́ kí àwọn atọ́ka pe ènìyàn ni ìjọba 1979 pe àwọn oníṣòwò rẹ̀, àyàfi pé ó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ìwólulẹ̀ ọjà kò mú kí oúnjẹ dínwó. Àwọn tí ń kó o wọ ìlú bẹ̀rù, àwọn àgbẹ̀ kò rí ẹni tí yóò gba irè lọ́wọ́ wọn láwìn, ọ̀pọ̀ ọjà sì wọ abẹ́lẹ̀. Rawlings padà sí ìjọba ní ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ó dín méjì oṣù kejìlá ọdún 1981, ìṣọ́ iye owó sì tún le sí i. Ọdún 1983 ni ọ̀dá àti iná inú igbó dé, ọdún náà sì ni Nàìjíríà ṣe ohun tí a ti ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọmọ Gánà tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìṣirò ti wí, àpò tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní ní ọjà Èkó. Òǹkàwé Yorùbá tí ó bá ń káàánú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti 1969 kò gbọdọ̀ gbàgbé àpò náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983 ni ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun fún ọrọ̀ ajé, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń jáwọ́ nínú pípinnu iye ọjà.

Kì í ṣe gbogbo ìwé orúkọ ni ó burú. Òfin Gánà tí ó jáde ní ọdún 2000 lórí iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní kí àwọn oníṣègùn forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó máa ṣiṣẹ́, ó sì fún àwọn oníṣègùn fúnra wọn ní àyè nínú ìgbìmọ̀ tí ń kọ orúkọ náà. Àwọn tí òfin 1892 ì bá kà sí ewu di ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí. Ìyàtọ̀ náà hàn: àwọn tí a kọ orúkọ wọn mọ ohun tí a kọ ọ́ fún, wọ́n sì ní ohùn nínú rẹ̀. Ní 1969, àwọn onísọ̀ Yorùbá kò ní aṣojú kankan níbi tí a ti ka ọ̀sẹ̀ méjì fún wọn. Ní 1979, kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin Makola pé èló ni wọ́n ra ọjà tí wọ́n ń tà.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Àjèjì, kalabule, àjẹ́: ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo wọn kí ìjọba tó fi wọ́n sí orí ìwé tàbí sí ẹnu ìbọn. Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ajé àti àjẹ́, a lè fi ìtàn Atinga àti ti Makola ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n lè mọ̀ pé àṣìpè wà tí kì í ṣe ti ẹnu. Ìwé ìtàn aláwòrán pàápàá lè wúlò níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ti mọ ilé iṣẹ́ tí ń ṣọ́ àwọn alágbára. Ohun tí ó kù ni kí a bi wọ́n léèrè ibi tí agbára wà, ní ara ẹni ni tàbí láàrin ènìyàn.

Ìdáhùn Makola wà ní ojútáyé. Àwọn obìnrin tí a wó ìsọ̀ wọn tẹ́ ẹní sí etí títì, wọ́n lọ sí àwọn ọjà tí ó yí i ká, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà láwìn lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọ ìyá wọn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní àárín Accra tí ó dárúkọ Makola, awakọ̀ kò ní béèrè pé èwo. Ọjà ni yóò gbé e lọ.